Ọmọ Tí A Pè Tí Kò Dáhùn: Iṣẹ́ Ìgbàgbọ́ Nínú Ilé Tí Ọ́tísíìmù Wà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba Adẹ́dàá, Ẹni tí ó dá ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí kò sọ̀rọ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin àgbà mọ́sálásí, ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí mínbárì. Ó jẹ mọ́ irú àwọn ọmọ kan tí wọ́n wà láàárín wa, ní Òsì, ní Ìlọfà, ní Odò-Ọwà àti ní Erúkù, bí wọ́n ṣe wà ní gbogbo ayé, ṣùgbọ́n tí ojú kì í sábà rí wọn. Bí àlejò bá dé, a mú wọn wọ yàrá. Bí ìsọmọlórúkọ tàbí wòlímọ̀ bá wà, a fi wọ́n sílẹ̀ nílé pẹ̀lú ìyá àgbà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí, kí gbogbo wa lè mọ ẹni tí à ń sọ. A bí i bí a ṣe ń bí ọmọ. Ó mu ọmú, ó jókòó, ó rìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pé ọdún kan, a pe orúkọ rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Kì í na ìka sí ohun tí ó fẹ́, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ó ń fà lọ síbẹ̀. Kì í fẹ́ wo ojú ènìyàn. Ó lè máa to ìdérí ìgò sí ìlà kan láti àárọ̀ di ọ̀sán, bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣí ọ̀kan nípò, ẹkún dé nìyẹn. Bí gbohùngbohùn mọ́sálásí bá dún, a fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Òmíràn a ti máa sọ ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta, kí ọ̀rọ̀ náà tó tún parẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Òmíràn sì ń sọ̀rọ̀ geere, ó sì ní òye, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣeré, ohun kan ṣoṣo tí ó fẹ́ràn ni yóò sì máa sọ ṣáá.

Ohun tí àwọn oníṣègùn ń pe èyí ni ọ́tísíìmù. Dókítà Leo Kanner, ní Baltimore ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí wọ́n rí báyìí ní ọdún 1943. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní àrùn òyìnbó ni, kí ó mọ̀ pé ní ọdún 1978 ni Victor Lotter tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde nípa irú àwọn ọmọ yìí tí ó rí ní àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, bí a bá ka ènìyàn 127 ní ayé, ọ̀kan nínú wọn ní ọ́tísíìmù. Ẹ wá ka iye ènìyàn tí ó ń kún mọ́sálásí Jímọ̀ wa, kí ẹ sì bi ara yín léèrè bóyá kò sí ilé kankan nínú wa tí ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Kí ni àwa ń pè é? Àwọn kan a ní ẹmẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn kan a ní àlùjànnú ni ó pààrọ̀ ọmọ náà nígbà tí ìyá rẹ̀ jáde ní ọ̀sán gangan. Àwọn kan a ní ìyá náà jẹ èèwọ̀, tàbí pé ayé ni ó ṣe é. Àwọn ọmọdé àdúgbò a sì máa pè é ní dìndìnrìn. Torí pé ìdílé wa ní agbègbè yìí kì í ṣe ti ẹ̀sìn kan ṣoṣo, tí ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Mùsùlùmí kí àbúrò jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ọmọ kan náà lè mu omi tírà lọ́dọ̀ àfáà lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n tún gbé e lọ sílé àdúrà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí àgbo sì wà lórí iná dè é nílé. Owó ń lọ, ọdún ń gorí ọdún, ọmọ kò tíì ní ẹni kan tí ó jókòó tì í láti kọ́ ọ ní bí a ṣe ń béèrè omi.

Èrò tiwa ni pé ìgbàgbọ́ ní iṣẹ́ ńlá láti ṣe nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fún un ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ẹ̀bi kúrò lórí òbí, kí ó rán wọn lọ wá ìmọ̀, kí ó sì ṣí ilẹ̀kùn mọ́sálásí àti ilé-kéwú fún ọmọ náà. Ìgbàgbọ́ tí kò bá ṣe èyí, tí ó jẹ́ pé ìbẹ̀rù àti ìnáwó nìkan ni ó ń bí, ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá ti Ànábì ni.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀bi. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọ bá dára, ti bàbá ni, bí kò bá dára, ti ìyá ni. Òwe yìí ti tú ilé ká. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni wọ́n ti dá padà sílé bàbá wọn nítorí irú ọmọ yìí, ọ̀pọ̀ ni ọkọ wọn sì fẹ́ ìyàwó mìíràn tí kò tún wẹ̀yìn wo ẹni àkọ́kọ́. Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni a dẹ́bi fún ìyá. Àwọn oníṣègùn òyìnbó náà ṣe é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń sọ pé ìyá tí ọkàn rẹ̀ tutù sí ọmọ ni ó ń fa ọ́tísíìmù. Bruno Bettelheim kọ odindi ìwé lé irú èrò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1967. Ṣùgbọ́n Bernard Rimland, tí òun fúnra rẹ̀ bí irú ọmọ yìí, ti tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 1964 láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ìyá. Ìwádìí tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé òun ni ó gba òtítọ́ sọ. Ohun tí a mọ̀ lónìí ni pé ọpọlọ ọmọ náà ni ó gba ọ̀nà mìíràn dàgbà, láti inú oyún ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí ó ń fà á wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ jogún, ti ìyá àti ti bàbá.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba Ọlọ́hun gbọ́ kò gbọdọ̀ na ìka sí obìnrin. Àwọn Ànábì ni ìdánwò wọn pọ̀ jù nínú gbogbo ẹ̀dá, bẹ́ẹ̀ àwọn ni Ọlọ́hun fẹ́ràn jù. Ìdánwò yàtọ̀ sí ìjìyà. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, kí ó má gorí mínbárì sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ọlọ́mọ.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá pé: “Ṣé ẹ̀yin àfáà kò gbà pé àlùjànnú wà ni?” A gbà. Súúrà kan wà nínú Àlùkùránì tí ó ń jẹ́ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n pé àlùjànnú wà kò sọ pé òun ni ó wà lára gbogbo ọmọ tí kò sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí pé olè wà nílùú kò ṣe sọ gbogbo ẹni tí a bá rí lóru di olè. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka Fátíhà àti Súúrà méjì tí ó gbẹ̀yìn Àlùkùránì sórí ọmọ rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ pa á lórí jẹ́jẹ́, sùnná ni ó ṣe. Ẹgba, èéfín ata, ààwẹ̀ tí a fi agbára mú ọmọdé gbà, àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò sí nínú sùnná. Kì í sì í ṣe àwọn tí kò kàwé nìkan ni ó ń ro èrò ẹ̀mí àìrí yìí. Ìwádìí tí Dókítà Muideen Bakare àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2009 fi hàn pé láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pàápàá ní Nàìjíríà, àwọn kan ṣì gbà pé ẹ̀mí àìrí ni ó ń fa ọ́tísíìmù. Gbogbo wa ni a ní ẹ̀kọ́ láti kọ́.

Ohun tí ó mú wa sọ ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa ní Kàdúná tí wọ́n ń pè ní ilé-kéwú àti ilé àtúnṣe ìwà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọkùnrin àti àgbàlagbà ni wọ́n bá níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹ̀ àwọn mìíràn. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ènìyàn 259 ni wọ́n kó jáde nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Òjóò, Ìbàdàn. Nínú oṣù yẹn kan náà ni àjọ Human Rights Watch tẹ ìròyìn jáde lórí ibi 28 tí wọ́n bẹ̀ wò ní Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé a ń fi ẹ̀wọ̀n de àwọn aláìsàn ọpọlọ ní ilé ìṣègùn ìbílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé àwọn Mùsùlùmí, àní ní ilé-ìwòsàn ìjọba pàápàá. A kò sọ pé ọ́tísíìmù ni ó kó gbogbo wọn débẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé irú ibẹ̀ ni òbí tí ìwà ọmọ rẹ̀ kò yé máa ń gbé ọmọ lọ nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti sú u, tí ẹnì kan bá sì fi orúkọ Ọlọ́hun ṣèlérí fún un. Orúkọ Ọlọ́hun tóbi ju ohun tí a fi ń bo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ.

Àwọn mìíràn wà tí wọn kò lọ sí ibì kankan. Wọ́n ní, “Kádàrá ni, a ti gbà, a ó máa ṣe sùúrù.” Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kí ni sùúrù? Ẹ wo Ànábì Yakubu nínú Súúrà Yusuf. Ọmọ rẹ̀ sọnù, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi fọ́, ó sì ṣe sùúrù tí Ọlọ́hun yìn. Òun yìí kan náà ni ó rán àwọn ọmọ rẹ̀ padà sọ́nà pé kí wọ́n lọ wádìí Yusuf àti àbúrò rẹ̀, kí wọ́n má sọ ìrètí nù. Ó sunkún, ó gba kádàrá, ó sì tún wádìí. Ànábì wa Muhammad náà kọ́ ẹni tí ó ni ràkúnmí pé kí ó so ó mọ́lẹ̀ kí ó tó fi í ṣọ́ Ọlọ́hun, ó sì pàṣẹ fún wa pé kí á máa wá ìwòsàn.

Báwo ni a ṣe ń so ràkúnmí tiwa? Èkínní, kí a yẹ etí ọmọ náà wò, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ràn lè ṣe bí ẹni tí ó ní ọ́tísíìmù. Èkejì, kí a má dúró kí ó tó pé ọmọ ọdún méje. Ọmọ ọdún méjì tí kò dáhùn orúkọ, tí kò nàka sí nǹkan, tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ó ti tó gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà. Láti Òsì tàbí Ìlọfà, a ó gba Ọ̀mù-Àrán àti Àjàṣẹ́ dé Ìlọrin, níbi tí Ilé-ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì Ìlọrin wà, tí wọ́n ní ẹ̀ka fún ọ̀rọ̀ ọpọlọ àti ìwà. Èkẹta, kí òbí mọ̀ pé kò sí oògùn tí ń lé ọ́tísíìmù lọ. Ẹni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ rẹ pé òun yóò wò ó sàn pátápátá, ìbáà jẹ́ àfáà, wòlíì, eléwé ọmọ tàbí ẹni tí ó wọ aṣọ funfun, irọ́ ni ó pa fún ọ. Ẹ̀kọ́ ni ó ń ran irú ọmọ yìí lọ́wọ́, púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà sì ni òbí lè ṣe nílé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ètò kan fún kíkọ́ àwọn òbí, ìpàdé 9 àti àbẹ̀wò ilé 3 ni, wọ́n sì ṣe é kí ẹni tí kì í ṣe dókítà lè kọ́ni ní ibi tí àwọn onímọ̀ kò pọ̀ sí. Kí ni kò lè jẹ́ kí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ wáyé nínú gbọ̀ngàn mọ́sálásí wa?

Ohun tí wọ́n ń kọ́ni kò le. Bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ bá ti ọmọ dọ́gba. Má sọ̀rọ̀ gígùn. Sọ “omi”, fi ife omi hàn án, kí o sì dúró dè é. Bí ó bá gbìyànjú, yìn ín. Jẹ́ kí iṣẹ́ ojúmọ́ máa tẹ̀lé ara wọn bákan náà lójoojúmọ́, bí àyípadà bá sì máa wà, sọ fún un ṣáájú.

Ẹ̀yin ará, ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ẹ̀sìn wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ọmọ tí ó fẹ́ kí ohun gbogbo ní àkókò àti ètò, ìrun márùn-ún wà fún un, tí àkókò wọn kì í yẹ̀. Àlùwàlá wà: ọwọ́, ẹnu, imú, ojú, bí ó ṣe rí lánàá ni ó rí lónìí. Olùkọ́ tí ó bá ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri ní ìpele-ìpele, tí ó ń ṣe é pẹ̀lú ọmọ náà lójoojúmọ́, yóò rí èrè. Àwọn mìíràn nínú wọn a máa tún ohun tí wọ́n bá gbọ́ sọ bó ṣe rí gan-an, irú wọn lè mú Súúrà dání nípa gbígbọ́ kí wọ́n tó lè sọ pé ebi ń pa wọ́n. Ẹ jẹ́ kí á dúpẹ́ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n kí a má fi ọmọ náà ṣe ìran wò lọ́jọ́ wòlímọ̀ kí á sì gbàgbé láti kọ́ ọ ní bí yóò ṣe béèrè oúnjẹ. Ní ti ẹgba, ọ̀rọ̀ kò gùn. Ọmọ tí kò mọ ìdí tí a fi ń nà án, ìbẹ̀rù nìkan ni yóò kọ́, kò ní kọ́ álífù.

Ẹ jẹ́ kí á wá dé mọ́sálásí. Ìyá kan gbé irú ọmọ yìí wá kírun, ọmọ pariwo, ó sáré gba iwájú ẹni tí ń kírun, ni gbogbo ojú bá yí sí ìyá. Láti ọjọ́ náà, kò wá mọ́. Ta ni a fara wé? Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) a máa gé ìrun kúrú bí ó bá gbọ́ ẹkún ọmọdé, nítorí ìyá rẹ̀. Ó gbé Umaamat ọmọ ọmọ rẹ̀ sí èjìká lórí ìrun. Nígbà tí ará oko kan tọ̀ sínú mọ́sálásí rẹ̀, tí àwọn sàábé fẹ́ dìde sí i, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí ó ṣe tán, ó sì ní kí wọ́n da omi sí ibẹ̀. Obìnrin kan wà ní Mẹ̀dínà tí nǹkan ń ṣe ọpọlọ rẹ̀, tí ó ní òun ní ọ̀rọ̀ í bá a sọ. Ànábì ní kí ó yan òpópónà tí ó bá wù ú, ó sì dúró tì í títí ó fi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ìbínú Ọlọ́hun sì hàn nínú Súúrà Abasa nítorí pé Ànábì yíjú kúrò lọ́dọ̀ Ibn Ummi Maktum, afọ́jú tí ó wá kẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ó ń bá àwọn ọlọ́lá sọ̀rọ̀. Afọ́jú yìí ni ó di ládánì lẹ́yìn náà, tí Ànábì sì fi Mẹ̀dínà sí ìkáwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó rin ìrìn-àjò. Bí ojú tí a yí kúrò lára ẹnì kan bá tó ohun tí Súúrà sọ̀ kalẹ̀ lé lórí, kí ni a ó sọ nípa gbogbo ojú tí a yí sí ìyá yẹn?

Ó ku ohun kan tí ó ń pa àwọn òbí wọ̀nyí lẹ́kún lóru. Wọ́n ń rò ó pé, “Bí a bá kú, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀?” Ìgbàgbọ́ ní èsì. Ní ti ọ̀run, a ti gbé kálámù kúrò lórí ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò pé, bí a ti gbé e kúrò lórí ọmọdé àti ẹni tí ó sùn. Kò sí ìrun tí a ó bi í. Ẹni tí làákàyè rẹ̀ pé nínú wọn, ìwọ̀n agbára rẹ̀ ni a ó bi í. Ní ti ayé, ẹsẹ karùn-ún Súúrà An-Nisáì ti là á sílẹ̀ fún ẹbí pé bí a kò bá fi dúkìá lé ẹni tí kò lè bójú tó o lọ́wọ́, kí a máa ti inú rẹ̀ bọ́ ọ, kí a fi wọ̀ ọ́ láṣọ, kí a sì máa bá a sọ̀rọ̀ rere. Nítorí náà, bàbá tí ó ní irú ọmọ yìí, kí ó yan alágbàwò nígbà tí ó ṣì wà láyé, lójú ẹ̀rí, kí ó sọ ilẹ̀ tàbí oko tí a ó máa fi tọ́jú rẹ̀. Òfin Nàìjíríà náà wà lẹ́yìn ọmọ yìí: òfin tí ó ka yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ léèwọ̀, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019.

Nítorí náà, ẹ̀yin lèmọ́mù wa, ẹ fi kútúbà kan lọ́dún sọ ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ sì dín ohùn gbohùngbohùn kù díẹ̀. Ẹ̀yin jámáà, nígbà tí ẹ bá ń pín sáràá àti sàká, ẹ rántí ìyá tí kò ní owó ọkọ̀ dé Ìlọrin, nítorí ìlọ náà kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀yin bàbá, ọmọ yín ni. Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú, ẹni tí ó bá pe ẹlòmíràn ní dìndìnrìn kò tíì kọ́ kéwú. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbé ọmọ náà jáde kúrò nínú yàrá. Bí ó bá pariwo nínú mọ́sálásí, ẹ má sáré jáde. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ àwa ni a ó kọ́ bí a ṣe ń fàyè sílẹ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba jẹ́ kí a lè tọ́jú ohun tí Ó fi sí ìkáwọ́ wa, kí Ó fún àwọn òbí wọ̀nyí ní agbára, kí Ó sì má jẹ́ kí àwọn ọmọ náà fi wá sùn lọ́dọ̀ Rẹ̀ lọ́jọ́ ìṣirò. Àmín.